Àwọn Ọkọ Màmi

Ọkọ Màmi pọ̀ ní Austell, nílùú òyìnbó, lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìjọba sì fẹ́ kí ó sanwó lórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má tíì la ẹnu sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá mi ti kú kí ọdún náà tó dé, ó fi Màmi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì nínú ilé oníyàrá méjì tí a háyà, nítòsí yáàdì tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ ojú irin mọ́ra. Èmi Mọ́rẹ́nikẹ́ ni àgbà, mo sì gbà pé èmi ni igbá-kejì ìyá mi nínú ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi mí joyè. Dèjì ni àbúrò mi. Nígbà tí wọ́n ń bí i ni atẹ́gùn kò dé ọpọlọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi tí kò rán an, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Dèjì kò gbọ́? Bí ọkọ̀ ojú irin méjì bá ti kọlu ara wọn ní yáàdì, tó dún gbàgà, tí gíláàsì fèrèsé wa gbọ̀n, àlejò á fò sókè, Dèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ariwo náà lọ. Màmi á ní, "Àjàní, ìwọ lo ni reluwé, àwa kàn ń bá ọ gbé ni." Títí dòní, bí mo bá gbọ́ irin tó kọlu irin níbikíbi, ẹ̀rín yẹn ni etí mi máa ń retí.

Nílé wa, gbígbé Dèjì ni ìyá iṣẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e kí ó tó wẹ̀, kí ó tó jẹun, kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, kí ó tó sùn. Ó ti ń ga nígbà yẹn, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ̀yìn Màmi kò dáa mọ́, nítorí pé gbígbé èèyàn náà ni iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó mú Uncle Kúnlé wá nìyẹn. Àbúrò Bàbá mi ni, ọkùnrin gíga kan tó nítìjú, tó jẹ́ pé bí o bá kí i, ìdúpẹ́ ni yóò fi dáhùn. Houston ló ń gbé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó padà lọ kó ẹrù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí kọ́ọ̀ṣì, àga gígùn tó wà ní pálọ̀ wa. Ó wá iṣẹ́ sí wíhàósì kan, ó ní shift àárọ̀ kùtùkùtù nìkan lòun máa ṣe, kí òun lè délé kí bọ́ọ̀sì Dèjì tó dé. Èmi ni mo ń fi bílẹ́ńdà lọ ìrẹsì àti ọbẹ̀ Dèjì kí ó lè gbé e mì. Uncle ló ń na ẹsẹ̀ Dèjì lórí rọ́ọ̀gì, á sì máa pe orúkọ àwọn ìlú tí mọ́tò ń gbà kọjá láti ìlú wọn lọ sí Ìbàdàn: Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́, Ìlọrà, Fìdítì. Ó ní bí òun bá ti dé Fìdítì, ẹsẹ̀ ọmọ á ti rọ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n máa ń dé Ìbàdàn, tí wọ́n á tún padà.

Màmi kì í pe Uncle Kúnlé lórúkọ. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á tẹ orúnkún díẹ̀, "Ọkọ mi, oúnjẹ rèé o," Uncle náà á sì dìde díẹ̀ gba àwo, "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun." Aunty Yétúndé, àbúrò Bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Baltimore, ọkọ ni òun náà, ó sì ń lo agbára ọkọ dáadáa. Bó bá pe fóònù, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni ìyàwó òun sè. Èmi tí mo ń gbálẹ̀, ọkọ ni mí. Dèjì ni ọkọ àtàtà. Mo bi ìyá Bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, Màmá Àgbà, lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé báwo ni èèyàn kan ṣe lè ní ọkọ tó pọ̀ tó báyìí. Ó ní, "Ẹbí ló ń fẹ́ ìyàwó, ẹnìkan ló kàn ń bá a sùn." Fóònù náà wà lórí spíkà. Màmi ké láti kíṣìnì pé, "Yéè! Màmá, ọmọdé ni o!" Màmá Àgbà ní ọmọdé náà ló béèrè.

Ọmọ tèmi, tí a jọ ń gbé ní Stockbridge báyìí, gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi láìpẹ́. Ó ronú títí, ó wá béèrè pé kí ló kan ìjọba nínú mọ́tò Grandma. Ohùn ti sọnù lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ọkọ àti ọkọ̀, bákan náà ni létí wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó sùn tán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bíi tọdún náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣì gbọ́ yìí, àwọn àgbàlagbà tó kàwé ti ṣì í gbọ́ rí, wọ́n sì fẹ́ fi gba oúnjẹ lẹ́nu àbúrò mi.

"Owó Dèjì" ni a ń pe owó tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún ọmọ tó ní àìlera, tí òbí rẹ̀ kò sì rí jájẹ. Kì í ṣe owó nìkan. Òun náà ló bí káàdì tó ń sanwó dókítà àti owó ọkùnrin tó ń wá kọ́ wa bí a ṣe lè máa tọ́jú eegun rẹ̀. Káàdì yẹn ló sì máa san owó àga onítáyà tuntun tí wọ́n ti wá wọn ìbàdí Dèjì fún, torí pé èyí tó ń lò ti ń há a. Lọ́dọọdún, ẹnìkan láti ọ́fíìsì wọn á pe Màmi láti béèrè ẹni tó ń gbé nílé àti ohun tó ń wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè yìí, Màmi ń dín dòdò, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Obìnrin tó pè ní ohùn tútù. Ó béèrè ẹni tó ń tọ́jú ọmọ bí Màmi bá wà níbi iṣẹ́.

"My husband," ni Màmi wí.

Obìnrin náà tún un béèrè. "Your husband, ma'am?"

"Yes o, my husband. He came from Houston. He is the one carrying him up and down. God will bless him for me."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì ṣe mí bákan, nítorí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Obìnrin náà béèrè ibi tí ọkọ ń ṣiṣẹ́. Màmi sọ ọ́, ó tún fi kún un pé kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. A gbọ́ ìró bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó dúpẹ́, Màmi náà dúpẹ́, a jẹ dòdò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní àwọn ti san owó jù fún Dèjì láti ìgbà tí ọkọ Màmi ti wọ ilé, nítorí pé ó yẹ kí wọ́n ka owó iṣẹ́ ọkọ náà mọ́ tiwa. Kí a dá owó tó lé padà. Wọ́n sì ti dá owó oṣooṣù dúró. Màmi kà á ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ bú sí. Ó ní, "Wọ́n ní mo fẹ́ Kú—" ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí pé orúkọ ọmọ ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó rí iye tí wọ́n ní a jẹ, ẹ̀rín náà sì tán. Bí a bá ta gbogbo ohun tó wà nínú ilé wa, kí a ta mọ́tò mọ́ ọn, kò ní ká a. Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ Dèjì ló wà lórí rẹ̀. Wọn kò bá Màmi sọ̀rọ̀, wọn kò bá Uncle sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò lè di ṣíbí mú ni wọ́n kọ̀wé sí pé ó jẹ ìjọba ní gbèsè. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Kò dín ìbínú mi kù.

Gbogbo wa la lọ sí ọ́fíìsì wọn. A wa mọ́tò dé ibi tí a ti lè wọ reluwé inú ìlú, a sì gba Downtown lọ, Uncle ń ti Dèjì níwájú, àwọn èèyàn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ń yà fún wa. Obìnrin kan tó so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn ló dá wa lóhùn lẹ́yìn wíńdò. English ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rántí rẹ̀. Màmi ní àṣìṣe kan wà, ọkọ òun ti kú, àbúrò rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń rí yìí. Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé husband yín ni? Èmi ni. Ṣé bí ẹ ṣe ń pè é nìyẹn lóòótọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Lójú àwọn èèyàn? Màmi ní, "Níbo ni kí n ti máa pè é, inú kọ́bọ́ọ̀dù?" Obìnrin náà yíjú sí Uncle pé òun ńkọ́, kí ni òun ń pe ìyá ọmọ yìí. Uncle Kúnlé kì í purọ́, kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Our wife."

"Our?"

"Yes ma. All of us."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ìkà èèyàn, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òfin wọn ni pé bí ọkùnrin àti obìnrin bá ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní tọkọtaya lójú ayé, tọkọtaya ni wọ́n lójú ìjọba, ìbáà má sí òrùka. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ti fọ́ọ̀mù kan jáde lábẹ́ gíláàsì. Ó ní kí Màmi fi èyí tọrọ ìdáríjì gbèsè. Kí ó kàn sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi òun, òun kò sì lágbára láti san án, wọ́n máa ń gbà fún àwọn tó bá bẹ̀bẹ̀. Màmi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti í padà sí i. "Ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń dárí jì. Èmi ò jẹ." Obìnrin náà ní èyí ló rọrùn jù. "Mo mọ̀ pé ó rọrùn," ni Màmi wí. "Ẹ fún mi ní ti àwọn tí kò gbà." Ìyẹn ni ti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, òun la sì gbé lọ sílé. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Màmi kò ní dín owó rẹ̀ kù.

Aunty Fúnkẹ́ wá bá wa lọ́jọ́ ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń sá tọ̀ bí ìwé ìjọba bá dé. Ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmi. "Sister mi, ẹ gbọ́. This thing is not that deep o. Ẹ kàn sọ fún wọn pé English yín ò fi bẹ́ẹ̀ dáa, pé ẹ ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni husband ṣe jẹ́. They will close the case."

"English mi ò dáa?" ni Màmi wí. "Èmi tí mò ń fi English kọ ohun tí arúgbó jẹ àti èyí tó jáde lára ẹ̀ fún nurse lójoojúmọ́? Mo mọ husband. Àwọn ni wọn ò mọ ọkọ."

"Ẹyin lọ̀rọ̀, ma. Tó bá ti bọ́, ó fọ́ náà nìyẹn."

"Kò tíì fọ́. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ ẹyin ló bọ́ sí."

Aunty Fúnkẹ́ wo ọ̀nà kíṣìnì bóyá Uncle wà níbẹ̀. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Brother Kúnlé lọ gbé níbòmíràn, even for some months, nítorí pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bóyá ẹbí ti fi í ṣú Màmi lópó. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá kú, àbúrò rẹ̀ lè fẹ́ opó tó fi sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Mo wo Màmi. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní, "Tó bá ṣú mi lópó, ṣé orí kọ́ọ̀ṣì ni yóò máa sùn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa yọ síta báyẹn?" Aunty Fúnkẹ́ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin rere ni. Irú ọgbọ́n tó ń dá wa, òun ló ti fi gba ọ̀pọ̀ ìdílé sílẹ̀ nínú wàhálà, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ ìdáríjì nítorí kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Ìyá tèmi kàn kọ̀ ni.

Kíkọ̀ náà kò dùn bí ìtàn rẹ̀ ṣe dùn. Ọkùnrin tó ń wá tọ́jú eegun Dèjì kò wá mọ́. Ọ̀rọ̀ àga tuntun dúró sí ibi tó dúró sí. A jẹ ẹ̀wà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà gbọ́ pé ẹ̀wà mọ orúkọ mi. Màmi kò jẹ́ kí a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfajúro, á gbé àwo tó dára jù síta, á ní, "A ò ní jẹun bí ẹni tó jalè." Ṣùgbọ́n àga kékeré náà bó Dèjì ní ìbàdí. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Uncle rí ojú egbò náà nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Ó fi òrí pa á, ó gbé Dèjì padà sórí àga, ó sì lọ fa báàgì rẹ̀ jáde lẹ́yìn kọ́ọ̀ṣì. Ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dèjì ń wò ó, èmi náà ń wò ó, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dún. Màmi jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan sọ̀rọ̀. Tí mo bá kúrò, wọ́n á dá owó ọmọ yìí padà."

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn? Pé ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀?"

Uncle kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Màmi gba ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n yín kú, mo sunkún, kò sẹ́ni tí mo lè bá jà. Èyí kì í ṣe ikú. Mo rí ẹni tí mo lè bá jà. Ọmọ yìí ò jalè, ẹ̀yin ò jalè, èmi ò purọ́, kí ló dé tí ẹnì kan á máa kó ẹrù jáde nílé wa? Tí ẹ bá lọ, ṣé lẹ́tà yẹn ni yóò máa gbé e?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sọ ṣẹ́ẹ̀tì náà padà sórí kọ́ọ̀ṣì. "Mo ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ẹsẹ̀ ẹ̀." Ó jáde. Uncle jókòó sórí báàgì náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá fún ẹjọ́ náà, Aunty Yétúndé ti wọ bọ́ọ̀sì wá láti Baltimore, ó gbé kúlà ẹja díndín dání, ó sì ti fi gbogbo àárọ̀ ṣe lámèyítọ́ ògì tí ìyàwó rẹ̀ pò fún un. Aunty Fúnkẹ́ náà gba àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó sẹ́yìn wa. Yàrá kékeré ni, kò jọ kóòtù. Adájọ́ náà jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, tó ń lá súìtì ikọ́. Ó ní kí Màmi búra, Màmi búra. Ó béèrè bóyá ó ti pe ọkùnrin yìí ní husband rẹ̀ rí.

"Mo pè é bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ tí Aunty Fúnkẹ́ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Adájọ́ béèrè bóyá wọ́n ṣègbéyàwó. Màmi ní bàbá àwọn ọmọ yìí lòun bá ṣègbéyàwó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tóun ṣe é, gbogbo ilé wọn lòun fẹ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí nínú ilé náà, ọkọ òun ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn fún un ní èdè àwọn. Ó nawọ́ sí Aunty Yétúndé. "Èyí náà, husband mi ni. Òun ló le jù nínú wọn." Adájọ́ wo Aunty Yétúndé, pẹ̀lú ètè rẹ̀ tó kùn pupa àti báàgì ọwọ́ rẹ̀ tó bá a mu. Ó bi í pé kí ni òun jẹ́ sí obìnrin yìí. Aunty Yétúndé dìde bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní ìsìn ìdúpẹ́. "I am her husband, sir. And the breakfast she gave me today, I am not happy about it."

Súìtì ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ há adájọ́ lọ́fun. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó béèrè bóyá ọkọ mìíràn ṣì wà. Màmi ní ṣé kí òun ka ti Ìsẹ́yìn mọ́ ọn. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó béèrè ibi tí Uncle ń sùn, bí owó wọn ṣe yàtọ̀ síra, ta ló ń san háyà. Màmi dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ló sọ pé kí òun lè parí ọ̀rọ̀ yìí, òun fẹ́ kí Màmi sọ ọ́ kedere lábẹ́ ìbúra pé ọkùnrin yìí kì í ṣe husband òun. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Aunty Fúnkẹ́ ti ń mi orí lẹ́yìn mi pé kó sọ ọ́, kó sọ ọ́ kíá. Owó Dèjì, káàdì rẹ̀, àga tuntun, gbogbo rẹ̀ wà lórí gbólóhùn kan. Màmi wo Uncle. Mo di ọwọ́ àga Dèjì mú.

"Lábẹ́ òfin yín, kì í ṣe husband mi," ni Màmi wí. "Kò fẹ́ mi, mi ò fẹ́ ẹ, a ò jọ sùn rí. Mo búra. Ṣùgbọ́n ẹ kọ 'lábẹ́ òfin' síbẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, mi ò búra."

Adájọ́ béèrè ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Ó jókòó síbí, ó ń gbọ́ wa. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ló ti ń gbé ọmọ mi. Mi ò lè jókòó níwájú rẹ̀ kí n sọ pé kì í ṣe nǹkan kan mi."

Uncle Kúnlé ń wo bàtà rẹ̀. Omijé ń kán sórí bàtà náà, kò sì nù ún. Mo nífẹ̀ẹ́ ìyá mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Adájọ́ náà kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́, ó ka ohun tó kọ sókè, 'lábẹ́ òfin' sì wà nínú rẹ̀. Màmi ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn náà sọ pé a kò jẹ nǹkan kan, pé wọn yóò san èyí tí wọ́n ti dá dúró. Mo rò pé ijó máa wà. Màmi kà á, ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀," ó sì lọ ka ẹran sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Àga tuntun dé, aláwọ̀ búlúù, Dèjì gùn ún bí ọba, ìbàdí rẹ̀ sì jiná. Kò sẹ́ni tó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ òun náà.

Kí ọdún náà tó parí, Uncle rí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì gba ilé sí òdìkejì àgbàlá wa, kí ó lè máa sọdá wá gbé Dèjì bí bọ́ọ̀sì rẹ̀ bá dé. Òfin ní bí ẹnikẹ́ni bá kó jáde nílé, kí a wá sọ. Aunty Fúnkẹ́ pe Màmi pé kó jọ̀ọ́, kó jọ̀ọ́, kó mọ ọ̀rọ̀ tó máa lò. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí Downtown. Obìnrin tó so gíláàsì mọ́ ọrùn náà ló wà lẹ́yìn wíńdò, ó sì dá wa mọ̀. Ó béèrè ohun tó yí padà nílé.

"My husband has moved out," ni Màmi wí. "He married a wife. A very fine girl, I like her."

Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo Màmi, ó fara balẹ̀ béèrè bóyá brother-in-law ló ní lọ́kàn.

Màmi fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé kántà. Ó ní, "Nínú ìwé tiyín, ẹ kọ brother-in-law. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ni mo wá sọ fún yín."